Ṣúgà Ló Mú Díákónì

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo máa ń tọ pinpin, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí pé wọ́n yàn mí sípò ni. Àtọ́kẹ́, ìyàwó Díákónì Adédàpọ̀, ló fi mí ṣe ọlọ́pàá ẹnu ọkọ rẹ̀. Èmi kò wá iṣẹ́ náà lọ, kò sì sí owó oṣù nídìí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan náà ni èmi àti Díákónì wà ní Trans-Amadi, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ṣe fún àwọn elépo. Òun ni ọ̀gá àwọn oníṣirò owó, èmi wà ní ẹ̀ka tó ń ra ọjà. Rumuolumeni ni àwa méjèèjì ń gbé, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ kan náà ló ń gbé wa lọ tó ń gbé wa bọ̀. Èmi àti Àtọ́kẹ́ sì jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Ọ̀rẹ́ mi ni, ọ̀rẹ́ tí mo lè fi ọmọ mi sílẹ̀ fún kí n sùn fọnfọn.

Nígbà tí dókítà sọ fún wọn pé ṣúgà ti mú Díákónì, Àtọ́kẹ́ fà mí wọ kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Doyin, ilé ni mo ti lè ṣọ́ ọ. Bó bá ti dé ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún, ojú rẹ ni ojú mi."

Àtọ́kẹ́ kì í fi ọ̀rọ̀ ṣúgà ṣeré. Àìsàn náà ló pa ìyá rẹ̀ ní Ìlá. Wọ́n kọ́kọ́ gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan, wọ́n wá gé ẹsẹ̀ náà, lẹ́yìn náà wọ́n sin ín. Láti ọjọ́ tí dókítà ti dárúkọ àìsàn yẹn fún ọkọ rẹ̀, ṣúgà kúrò nílé wọn. Oyin kúrò, mílíkì inú agolo kúrò. Ọmọ wọn tó bá fẹ́ mu gààrí, iyọ̀ ni yóò bù sí i. Mo fojú ara mi rí ọmọ náà tó ń fi iyọ̀ mu gààrí, tó sì ń wò mí bí ẹni pé kí n gba òun sílẹ̀.

Díákónì ní tirẹ̀, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ bí eèrà ló fẹ́ràn ohun dídùn. Nínú yàrá tí a ti ń po tíì níbi iṣẹ́, páálí ṣúgà onígun mẹ́rin kan máa ń wà lórí tábìlì. Díákónì á wọlé, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á mú hóró kan tàbí méjì, á jù ú sínú àpò awò ojú rẹ̀, àpò dúdú líle kan báyìí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀, á máa lá ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí mo ká a mọ́, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó ní, "Doyin, ẹ̀ṣẹ̀ wẹ́wẹ́ nìyí." Mo ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́, sà." N kò fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Òun ló ń fọwọ́ sí ìwé ìsinmi wa, mo sì fẹ́ lọ wo ìyá mi ní Kérésì.

Ọdún tó ṣáájú kòrónà ni ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún yẹn, ilé iṣẹ́ ní kí gbogbo wa lọ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun tí ènìyàn lè ṣe fún ẹni tó ń kú lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ wa ló kọ́ wa, ọmọ Kalabári kan tó ń jẹ́ Ibinabo. Kí n má purọ́, ìrẹsì ọ̀sán ló gbé mi lọ. Wọ́n gbé ọmọlángidi onírọ́bà kan sílẹ̀ kí a máa tẹ̀ ẹ́ láyà, ọ̀gá Gbọ́lágadé sì tẹ̀ ẹ́ débi pé ọrùn rẹ̀ yẹ̀. Ṣójà tó ti fẹ̀yìn tì ni Gbọ́lágadé, òun ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́ wa. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, Ibinabo kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ ṣúgà, ó ní bí ẹni tó ní àìsàn náà bá ń làágùn tútù, tó ń gbọ̀n, tó sì ń sọ ìsọkúsọ, kí a tètè fún un ní ṣúgà, bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì mọ́, kí a má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí a dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí a máa gbé e lọ.

Ẹnì kan bi í pé bó bá wá jẹ́ pé ṣúgà rẹ̀ ló ga ńkọ́? Ibinabo ní, "The one wey high go wait reach hospital. The one wey low no dey wait anybody."

Gbólóhùn yẹn nìkan ló dúró sí mi lórí. Èyí tó ga á dúró dè yín dé ọsibítù, èyí tó lọ sílẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyókù, èmi àti ìrẹsì la jọ gbé e mì.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ìjọ wa kéde ààwẹ̀. Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, òjò rọ̀, a jáde níbi iṣẹ́, ọ̀nà sì dí pa kí a tó dé Garrison. Mọ́tò wà níwájú, mọ́tò wà lẹ́yìn, kéké gan-an kò rí ibi gbà. Boma, awakọ̀ wa, pa ẹ́ńjìnnì, ó sì tún un ṣí torí ooru. Ibi tí a jókòó sí ni Díákónì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kó ewúrẹ́ yẹn kúrò lórí tábìlì mi."

Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Boma wo inú dígí, ó ní, "Deacon, which side you branch drink?" Díákónì tí kì í fi ẹnu kan ọtí láyé rẹ̀. Ó bínú, ó ní kí Boma dákẹ́, ó pè é ní orúkọ tí kò yẹ kó ti ẹnu díákónì jáde, àwọn ènìyàn tún rẹ́rìn-ín sí i. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá mi, ebi ń pa mí." Ojú rẹ̀ kò sí lára mi rárá. Ìgbà náà ni mo rí i pé ẹ̀wù rẹ̀ ti tutù jìnnà, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń fẹ́ sí wa lórí. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó tutù bí ẹja inú yìnyín. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí báàgì rẹ̀.

Mo pe ìyàwó rẹ̀.

"Àtọ́kẹ́, kí ni ọkọ rẹ jẹ lónìí?"

"Kí ni yóò jẹ? Ṣé kì í ṣe ààwẹ̀ là ń gbà ni? Kí ló dé?"

"Ó lo oògùn rẹ̀?"

"Mo fún un ní ìdájí. Oògùn kì í kúkú ṣe oúnjẹ. Doyin, kí ló ṣe ọkọ mi?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó kígbe mọ́ mi létí pé ṣúgà ti gun ọkọ òun, pé bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀sọkúsọ gan-an ni ìyá òun náà ṣe, pé kí a gbé e lọ sí ọsibítù kíá. Mo ní ọ̀nà ti dí, bọ́ọ̀sì kò lè lọ iwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Mo ní, "Mo fẹ́ fún un ní ṣúgà."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ lójijì.

"Doyinsọ́lá, ṣúgà ló ń pa á, ṣúgà lo tún fẹ́ bù kún un. Má dán an wò. Bí o bá fi ṣúgà sí ọkọ mi lẹ́nu tí nǹkan ṣe é, ìwọ lo pa á."

Ó já fóònù. Mo pe Ibinabo, nọ́ńbà rẹ̀ kò wọlé. Mo tún un pè, kò wọlé.

Ẹ wò ó, ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá fún un tó kú, èmi ni mo pa á, ọ̀rẹ́ mi ni yóò sì jẹ́rìí sí i níwájú gbogbo ìjọ. Bí n kò bá fún un tó kú, ṣúgà ló pa á, gbogbo ayé á wá bá mi kẹ́dùn, á ní mo gbìyànjú. Ẹni tó káwọ́ gbera kì í pa ènìyàn lẹ́nu aráyé. Mo mọ èyí, mo sì rò ó dáadáa níbi tí mo jókòó sí.

Orúkọ tí a fún àìsàn yẹn ló fa gbogbo ẹ̀. Àwọn àgbà ń pè é ní àtọ̀gbẹ, kò sí ẹni tó gbọ́ àtọ̀gbẹ tí ọkàn rẹ̀ lọ sí inú ife tíì. Àwa la gbé orúkọ oúnjẹ wọ àìsàn. Ṣúgà mú un. Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn tí yóò tún rò pé ó ṣeé ṣe kí ṣúgà ti tán lára ẹni tí ṣúgà mú?

Mo dìde, mo ní mo nílò ṣúgà tàbí kóòkì, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní in mú un wá. Boma ní, "Sugar don catch am, you still wan give am sugar?"

Gbọ́lágadé ní, "Ìyá Ìtẹ́," orúkọ àkọ́bí mi ló fi ń pè mí, "iná lo fẹ́ fi pa iná yẹn?"

Mo ní, "Ọ̀gá, sítóòfù tí kẹrosíìnì ti tán nínú rẹ̀ ló ń kú lọ yìí, ẹ ní iná ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Ẹ bá mi ra kóòkì."

Ó wò mí, ó wo Díákónì, ó sọ̀ kalẹ̀. Ènìyàn dáadáa ni Gbọ́lágadé, mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ó sáré láàárín àwọn mọ́tò nínú omi òjò, ó rí ọmọbìnrin kan tó gbé páànù mínírà rù, ó ra ìgò kan bọ̀.

Mo gbé Díákónì jókòó dáadáa, mo da díẹ̀ sínú ìdérí ìgò, mo fi sí i lẹ́nu. Gògóńgò rẹ̀ lọ sókè, ó bọ̀ wálẹ̀. Ó gbé e mì. Mo fún un sí i, títí ìgò fi dé ìdajì, mo ń dúró kí ojú rẹ̀ là. Kò là. Nígbà tó yá, orí rẹ̀ ń tẹ̀ sí èjìká mi, ọ̀rọ̀ kò tiẹ̀ já gaara mọ́ lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pe Jésù. Boma ní, "Madam, you don add to am o." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ní Àtọ́kẹ́ ló mọ̀ ọ́n, mo ti pa ọkọ ọlọ́kọ.

Gbọ́lágadé fẹ́ tù mí nínú. Ó ní, "Má dá ara rẹ lẹ́bi, Ìyá Ìtẹ́. Mo tilẹ̀ fi ọgbọ́n ṣe é. Èyí tí kò ní ṣúgà nínú ni mo ní kí ọmọ yẹn fún mi."

Mo yí ìgò náà padà. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé kò sí ṣúgà níbẹ̀ rárá. Ó rí ẹni tí ṣúgà ń dà láàmú, ó ṣàánú rẹ̀, ó ra èyí tí kò ní ṣúgà fún un. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó wù mí kí n fi ìgò yẹn gbá a lórí. Mo wo ìta. Mọ́tò ti sún síwájú díẹ̀, ọmọ oní-mínírà ti bá àwọn tó wà níwájú lọ, ẹlẹ́pà sísè àti àwọn tó ń ta hankíṣíìfù ló kù. Mo bi gbogbo bọ́ọ̀sì, kò sí ẹni tó ní ṣúgà. Ìdajì wọn, ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà.

Ìgbà náà ni mo rántí àpò awò.

Ó wà nínú báàgì rẹ̀, ní ìsàlẹ̀, lábẹ́ Bíbélì. Awò rẹ̀ wà lójú rẹ̀, nítorí náà n kò retí awò níbẹ̀. Mo ṣí i. Ṣúgà ọjọ́ mélòó kan ló wà níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ààwẹ̀ kò jẹ́ kó dá, àwọn míì ti di dúdú létí, òwú aṣọ ti lẹ̀ mọ́ wọn. Mo kó wọn sínú ìdérí fìláàsì mi, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí inú báàgì mi fọ́ wọn, mo ta omi inú ọ̀rá sí i díẹ̀, mo rò ó títí ó fi ki.

Fóònù mi ń dún. Àtọ́kẹ́ ni. N kò gbé e.

Mo gbá Díákónì létí díẹ̀. Èmi, mo gbá díákónì létí. Mo ní, "Ẹ la ojú, sà. Ẹ gbé e mì fún mi." Ó la ojú kan. Mo fi ṣíbí kan sí i lẹ́nu, mo tẹjú mọ́ gògóńgò rẹ̀. Bí kò bá lọ sókè, mo máa dáwọ́ dúró ni, mo máa dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bí Ibinabo ṣe wí, nítorí omi tó bá gba ọ̀nà èémí lọ, òun gan-an ni yóò pa á. Gògóńgò náà lọ sókè. Mo fún un ní òmíràn. Fóònù dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi. Mo fi ìka nu èyí tó kù nínú ìdérí, mo fi ra ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú. Gbọ́lágadé di orí rẹ̀ mú fún mi láti ẹ̀yìn.

A dúró. Ọ̀nà kò ṣí. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo rí i pé òógùn iwájú orí rẹ̀ ti ń gbẹ. Ọwọ́ rẹ̀ dẹ́kun gbígbọ̀n. Ó gbé orí kúrò lọ́wọ́ Gbọ́lágadé, ó wo òjò, ó wò mí, ó wo nǹkan dúdú tó ṣí sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi.

Ó ní, "Doyinsọ́lá, ta ló ní kí o ṣí àpò awò mi?"

Bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi bú sẹ́kún. Ó lá ètè rẹ̀, ó tún ní, "Ààwẹ̀ mi ńkọ́?"

Mo gbé fóònù. Mo ní, "Ó ti ń sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ti là."

Àtọ́kẹ́ ní, "Kí lẹ fún un?"

Mo ní, "Ṣúgà." Ó já fóònù.

A ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹnì kan lójú ọ̀nà, Díákónì jẹ ẹ́ tán pátá. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, Boma gbé wa tààrà sí ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà sí Garrison. Nọ́ọ̀sì gún un níka, ó ní pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti jẹ, ṣúgà ara rẹ̀ ṣì kéré, pé wọn á dá a dúró di ọjọ́ kejì nítorí oògùn ìdájí ṣì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Àtọ́kẹ́ dé bá wa níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún un pé ẹni tó bá lo oògùn yẹn gbọ́dọ̀ jẹun, pé bó bá fẹ́ gba ààwẹ̀, kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Ó ní bí àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì bá káwọ́ gbera, òkú ni wọn ì bá gbé wá. Àtọ́kẹ́ dúró, ó ń tún gèlè tí kò tú wé. Kò wojú mi, kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Mo wọ kéké, mo lọ sílé.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ènìyàn bá ṣe ọ́ lóore lónìí, bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́la, o gbọ́dọ̀ kí i pé o ṣeun àná. Ọmọ kékeré mọ èyí. Ilẹ̀ mọ́, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ní ọjọ́ ìsinmi, Àtọ́kẹ́ dúró sí ìpẹ̀kun kejì láàárín àwọn akọrin, ó ń wo ìwé orin tó mọ̀ lórí. Ó dùn mí. Mo bínú débi pé mo sọ fún ọkọ mi pé n kò ní bá a ṣe mọ́ láyé. Ọkọ mi ní ojú ló ń tì í, pé òun ló kúkú fún ọkọ rẹ̀ ní oògùn lórí inú òfìfo. Mo ní bí ojú bá ń tì í, kó wá fi ẹnu sọ ọ́.

Nígbà tó lé lọ́sẹ̀ kan, Díákónì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀, ó mú àpò awò jáde, ó ní, "Wọ́n ní kí n fi han ọ̀gá ọlọ́pàá."

Ó ṣí i. Ṣúgà tuntun ló wà níbẹ̀, funfun báláú, wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n sì fi òwú pupa dì í. Mo mọ ìdì yẹn. Àtọ́kẹ́ ló ń rán bọ́tìnnì aṣọ akọrin fún gbogbo wa, òwú pupa ló máa ń lò torí kì í ní funfun.

Díákónì ní, "Ó ra odidi páálí kan. Ó gbé e sórí tábìlì, ó dúró ń wò ó bí ẹni tó gbé ejò wọlé. Ó pẹ́ kó tó fọwọ́ kàn án."

Fóònù mi dún.

"Doyin."

"Mò ń gbọ́."

"Ó ti fi hàn ọ́?"

"Ó ti fi hàn mí."

"Bó bá fi mu tíì, kí o pè mí."

"Màá pè ọ́."

Mo rò pé yóò já fóònù bó ṣe máa ń já a. Kò já a.

Ó ní, "Doyin, o ṣeun àná."

Mo ní, "Àná wo? Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan."

Ó ní, "Lójú tèmi, kò tíì kúrò lánàá."